Èékánná Àgbẹ̀ Inú Àwòrán

Èékánná rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ọkùnrin kan dúró láàárín oko àgbàdo, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ká apá rẹ̀ dé ìgúnpá, ó gbé odidi àgbàdo kan lé èjìká bí ẹni gbé ọmọ. Àgbàdo náà gùn ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Fọ́tò dúdú àti funfun ni, ó rí hóró-hóró bíi ti fíìmù àtijọ́, oòrùn ń gba ọwọ́ òsì wọlé, òjìji gbogbo nǹkan sì ṣubú síbi tó yẹ kó ṣubú sí. Kò síbi tí ojú á ti fẹ̀sùn kàn án, àfìgbà tí mo fà á tóbi lórí kọ̀ǹpútà, tí mo wá tẹjú mọ́ ọwọ́ tó fi di àgbàdo mú. Gbogbo èékánná rẹ̀ ló mọ́ tónítóní. Kò sí erùpẹ̀ lábẹ́ ẹyọ kan. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ò le, kò sì là, ó ń dán bí ọwọ́ ẹni tó ń ka owó ní báńkì.

Èmi ni mo ṣe àwòrán náà. Mi ò yà á o. Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lóru ọjọ́ kan, mo tẹ gbólóhùn mẹ́ta fún ẹ̀rọ AI, mo ní kó fún mi ní fọ́tò àgbẹ̀ tó ń yọ̀ sí ìkórè rẹ̀, kó rí bí èyí tí wọ́n yà ní nǹkan bí ọdún 1960. Kí n tó gbé ife omi kalẹ̀, ó ti kó mẹ́rin wá. Àgbẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń rẹ́rìn-ín. Àgbẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ọwọ́ wọn mọ́.

Ohun tó gbé mi dé ìdí rẹ̀ ni iṣẹ́ Bruce Eesly, ayàwòrán ará Jámánì kan, tí wọ́n fi hàn níbi àjọ̀dún fọ́tò Arles ní ilẹ̀ Faransé ní 2024. New Farmer lorúkọ tó fún un. Tí ẹ bá kọ́kọ́ rí i, ẹ máa rò pé inú àpótí àtijọ́ kan ni wọ́n ti kó o jáde: àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn, àwọn ọmọdé tí inú wọn ń dùn, ẹ̀fọ́ àti èso tó tóbi kọjá ohun tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kan gbé. Ó kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ wọn bí àwọn ìwé ìròyìn ìgbà náà ṣe máa ń kọ ọ́, ọdún wà níbẹ̀. Kò sí ọ̀kan tó ṣẹlẹ̀ rí nínú gbogbo rẹ̀. AI ló ṣe wọ́n, Eesly fúnra rẹ̀ ò sì fi í pamọ́. Ìlérí Green Revolution ló ń yẹ̀ wò, ìyẹn ìgbà tí wọ́n sọ fún ayé pé irúgbìn tuntun, ajílẹ̀ inú àpò àti oògùn apakòkòrò yóò lé ebi lọ pátápátá.

Mo gba ti àkọ́kọ́ gbọ́. Ó lé lógún ọdún tí mo ti ń gbé kámẹ́rà kọ́rùn, mo sì gbà á gbọ́. Orí ìkejì ni mo ti dúró, orí ìkẹta ni mo ti sáré padà sí ti àkọ́kọ́. Àmọ́ kì í ṣe ẹ̀tàn yẹn ló pa mí lẹ́nu mọ́. Ohun tó pa mí lẹ́nu mọ́ ni pé mo mọ àwọn àwòrán yìí. Mo ti yà wọ́n rí.

Ó ti tó ọdún méjìlá báyìí. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ta irúgbìn pè mí pé kí n wá ya oko àṣefihàn wọn, ibi tí wọ́n gbin irúgbìn tuntun sí kí àwọn àgbẹ̀ mìíràn lè wá fojú rí i. Mo débẹ̀ kí oòrùn tó yọ dáadáa, torí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ kùtù ló dára jù lára ewé. Ọ̀gá tó gbà mí lálejò ti fi okùn sàmì sí ibi tí n ó dúró: iwájú ìlà àgbàdo mẹ́fà tó wà létí títì. Ìlà mẹ́fà yẹn dára, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Ewé wọn dúdú minimini, wọ́n ga bákan náà bí ẹni pé wọ́n fi rúlà gé wọn. Nígbà tí mo fẹ́ wọ àárín oko lọ sẹ́yìn, ó fọwọ́ kàn mí léjìká jẹ́jẹ́. Ó ní, “Ibí yìí ti tó.” Mo gbà pé ó ti tó. Owó iṣẹ́ mi wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n ní bàbá tó ń bójú tó oko náà máa wà nínú fọ́tò. Wọ́n ti ra fìlà tuntun sílẹ̀ dè é, orúkọ ilé iṣẹ́ wà níwájú rẹ̀. Nígbà tí bàbá dé, ọ̀gá wo ọwọ́ wọn, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa fọ ọwọ́ yín ná.” Bàbá wo ọwọ́ ara wọn síwá sẹ́yìn, wọ́n wá gbójú sókè wò mí, kì í ṣe ọ̀gá ni wọ́n wò. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ṣé iṣẹ́ tí ọwọ́ ṣe ni ẹ ò fẹ́ kó hàn ni?”

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Bàbá lọ fọ ọwọ́.

Fọ́tò náà dára gan-an. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé pẹlẹbẹ, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ńlá, wọ́n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ló sì wà títí dòní. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ èékánná fi wọ̀ mí lára. Ẹ̀rọ AI kì í lálàá. Ohun tí wọ́n fi bọ́ ọ ló ń bì jáde, àìmọye fọ́tò tí àwa ènìyàn ti yà ni wọ́n sì fi bọ́ ọ. Bí ó bá gbà pé ọwọ́ àgbẹ̀ máa ń mọ́, a jẹ́ pé ẹnì kan ló kọ́ ọ. Mo wà lára àwọn tó kọ́ ọ.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí ọ̀rọ̀ náà lọ sẹ́yìn, bóyá àwọn mìíràn ti dúró síbi tí mo dúró sí. Wọ́n pọ̀. Láti nǹkan bí 1908, ọkùnrin kan wà nílùú Ottawa ní Kansas, Amẹ́ríkà, William H. Martin lorúkọ rẹ̀, tó ń ṣe póòsìkáàdì àgbàdo tó kún odidi kẹ̀kẹ́ ẹrù. Ó ń gé fọ́tò, ó ń lẹ̀ wọ́n pọ̀, á wá tún èyí tó lẹ̀ náà yà. Àwọn tó ń rà á mọ̀ pé àsọdùn ni, ohun tí wọ́n sì rà á fún nìyẹn. Tí ẹ bá gbé káàdì Martin sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán Eesly, ẹ ó rí i pé ẹbí kan náà ni wọ́n, ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé ló wà láàárín wọn.

Àmọ́ ti ayàwòrán Arthur Rothstein ni mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn. Ní 1936 ìjọba Amẹ́ríkà rán an lọ ya ọ̀dá tó ń pa oko. Ó rí agbárí màlúù kan ní South Dakota, lórí ilẹ̀ tó ti sán wẹ́wẹ́. Ó yà á síbí, ó gbé e, ó tún yà á sọ́hùn-ún, ó ń wá ibi tí òjìji ìwo rẹ̀ á ti hàn dáadáa. Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún náà, tí ìdìbò ń bọ̀ tí Roosevelt, ààrẹ Amẹ́ríkà ìgbà náà, sì ń lọ wo àwọn ibi tí ọ̀dá ti jà, ìwé ìròyìn kan nílùú Fargo ní North Dakota pariwo pé ayédèrú ni fọ́tò náà. Ariwo yẹn ran kálẹ̀. Ọ̀dá ń bẹ níbẹ̀ lóòótọ́, eruku ń bo ilé mọ́lẹ̀, àwọn ìdílé ń kó ẹrù wọn sọ́kọ̀ kúrò lórí ilẹ̀ bàbá wọn, ṣùgbọ́n nítorí pé egungun kan rìn díẹ̀, àwọn tí kò fẹ́ gbà rí ohun tí wọ́n á dì mú.

Ẹ wá wo òdìkejì rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1958, ìwé ìròyìn People’s Daily ní Ṣáínà gbé fọ́tò kan jáde láti Macheng ní ìpínlẹ̀ Hubei. Ọmọdé mẹ́rin dúró lórí ìrẹsì inú oko. Lórí ìrẹsì gan-an, bí ẹni dúró lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní ìrẹsì náà pọ̀ débi pé kò lè tẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ wọn. Oko ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni wọ́n ti hú ìrẹsì tó ti gbó, tí wọ́n wá kì í sínú ilẹ̀ kékeré kan ṣoṣo fún ọjọ́ fọ́tò. Irú iye ìkórè tí wọ́n bù kún bẹ́ẹ̀ ni ìjọba fi ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, ìyàn tó tẹ̀ lé e sì pa ènìyàn tí iye wọn lé ní mílíọ̀nù lọ́nà mẹ́wàá. Nígbàkigbà tí mo bá wo àwọn ọmọ mẹ́rin yẹn, ẹsẹ̀ wọn ni mò ń wò. Wọ́n gbà wọ́n láyè láti dúró lórí oúnjẹ.

Kò sí kọ̀ǹpútà nínú èyíkéyìí nínú wọn. Ìdí nìyẹn tí ara mi kì í fi í gbà á nígbà tí wọ́n bá sọ pé AI ló kó irọ́ wọ inú fọ́tò. Ní 2023, ayàwòrán ará Jámánì kan, Boris Eldagsen, fi àwòrán tí AI ṣe gba ẹ̀bùn níbi ìdíje fọ́tò Sony, ó sì kọ ẹ̀bùn náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ lè délẹ̀ pé nǹkan méjì ọ̀tọ̀ ni fọ́tò àti irú àwòrán yìí. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Kí a kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ gbangba ohun tó jẹ́. Ẹni tó bá fi àwòrán ẹ̀rọ ṣe ẹ̀rí oko tí kò sí ti dá ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n dá ní Macheng. Àmọ́ ẹni tó bá lò ó láti fi àṣírí ìlérí hàn wá, tó sì sọ fún wa pé ohun tí òun ń ṣe nìyẹn, iṣẹ́ gidi ló ń ṣe.

Kò yẹ kí n fi ìbínú bo òtítọ́ mọ́lẹ̀ ṣá. Norman Borlaug, onímọ̀ ọ̀gbìn ará Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àlìkámà ní Mẹ́síkò ní 1944. Ìṣòro àlìkámà ìgbà yẹn ni pé tí wọ́n bá bu ajílẹ̀ sí i dáadáa, orí rẹ̀ á wúwo, pòròpórò rẹ̀ tó ga á sì wó lulẹ̀. Ó gba irú kúkúrú kan tí orísun rẹ̀ jẹ́ Japan, Norin 10, ó da ìran rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti Mẹ́síkò, títí ó fi rí àlìkámà tó kúrú, tó le, tó ń gbé ọkà rẹ̀ dúró. Ìrẹsì IR8 tí wọ́n gbé jáde ní Philippines ní 1966 gba ọ̀nà kan náà. Ní Íńdíà, àlìkámà tí wọ́n kórè ní 1965 jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 12. Ní 1970 ó ti tó 20. Àwọn ọmọ tí ebi ì bá pa yó sùn. Ẹni tí kò bá lè sọ ìyẹn jáde lẹ́nu kò yẹ kó sọ èyí tó kù. Ní 1970 yẹn ni wọ́n fún Borlaug ní ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà.

Ọdún yẹn kan náà ni àrùn kan wọ inú ewé àgbàdo Amẹ́ríkà. Nǹkan bí 85 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàdo tí wọ́n ń gbìn níbẹ̀ nígbà náà ló ti ara ìyá kan náà wá, torí pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe rọ àwọn tó ń pèsè irúgbìn lọ́rùn. Àrùn tó bá ti rí ọ̀nà wọ ọ̀kan ti rí ọ̀nà wọ gbogbo wọn. Nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìkórè orílẹ̀-èdè náà ló ṣègbé. Fọ́tò Borlaug láàárín àlìkámà rẹ̀ ni gbogbo ayé mọ̀. Ẹ bi ẹnikẹ́ni léèrè bóyá ó rántí fọ́tò ewé àgbàdo ọdún 1970.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi gan-an nìyí, èyí tí mi ò tíì rí ojútùú sí. Èrè ìlọsíwájú rọrùn láti yà: ó ga, ó tóbi, ó ń dán, ènìyàn lè gbé e dání. Àdánù rẹ̀ ò ní ojú. Ní Punjab ní Íńdíà, omi abẹ́ ilẹ̀ ń sá lọ sísàlẹ̀ nítorí kànga ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bomi rin àlìkámà àti ìrẹsì. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ya omi tó ń sá lọ sísàlẹ̀? Gbèsè tí àgbẹ̀ jẹ nítorí ajílẹ̀ ńkọ́? Irúgbìn tí ìyá ìyá ẹnì kan ń pa mọ́ láti ọdún dé ọdún, tí kò sí ẹni tó ń gbìn ín mọ́, ibo ni kámẹ́rà mi máa kọjú sí? Ohun tí kò sí mọ́ kì í jókòó fún fọ́tò.

Mo rò pé AI lè ràn mí lọ́wọ́ níbẹ̀. Mo lo òru bíi mẹ́sàn-án lórí rẹ̀. Mo ní kó fún mi ní oko tí ìlọsíwájú ti kùnà nínú rẹ̀. Ó fún mi ní ilẹ̀ tó sán wẹ́wẹ́, ọ̀run pupa, àgbẹ̀ kan tó kúnlẹ̀ tó ń sunkún. Mo ní rárá, kó fún mi ní àgbẹ̀ lásán ní ọjọ́ lásán. Ó gbé èyí tó ń rẹ́rìn-ín padà wá. Mo yí ọ̀rọ̀ náà lọ yí i bọ̀, mo wá rí i pé àgbẹ̀ méjì péré ló wà nínú ẹ̀rọ náà, èyí tó ń yọ̀ àti èyí tó ń sunkún. Èyí tó dúró lẹ́bàá oko tó ń ṣírò pé bí òun bá ta èyí, ṣé òun á rí ti irúgbìn ọdún tó ń bọ̀, kò sí níbẹ̀. Èyí tó ń bá ọ̀gá onírúgbìn jiyàn ò sí níbẹ̀. Èyí tó mọ nǹkan tí èmi ò mọ̀ ò sí níbẹ̀ rárá. Àgbàdo wọn náà, ẹ̀yà kan ni gbogbo rẹ̀. Mo ní kó yàtọ̀ síra, ó kàn yí àwọ̀ rẹ̀ padà, ìlà kan pupa, ìlà kan funfun, gíga kan náà, ewé kan náà.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án mo padà sọ́dọ̀ ọkùnrin alágbàdo mi. Mo ní kí ẹ̀rọ fi erùpẹ̀ sábẹ́ èékánná rẹ̀. Ó fi í. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ìlà dúdú tín-ín-rín kan lábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan, ó tẹ́, ó gún, bí ohun tí obìnrin fi ń kun èékánná. Kò sí lára àtẹ́lẹwọ́. Kò sí nínú ìsẹ́po ìka. Erùpẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Erùpẹ̀ máa ń wọ ibi tí ara ti là, á dúró síbẹ̀ kódà lẹ́yìn ọṣẹ, ọwọ́ tí ènìyàn ń lò jù lọ á sì ní in ju èkejì lọ.

Ìgbà yẹn ni mo rántí pé mo ti rí ọwọ́ tó rí bẹ́ẹ̀ rí.

Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ kan kí n tó rí háàdì-dráìfù ọdún yẹn, ọjọ́ méjì sí i kó tó ṣí. Fọ́tò 214 ló wà láti oko àṣefihàn náà. Ilé iṣẹ́ mú márùn-ún. Mọ́kànlá àkọ́kọ́ jẹ́ èyí tí mo fi ń dán ìmọ́lẹ̀ wò, mi ò sì wò wọ́n rí lẹ́yìn ọjọ́ náà, torí kò sẹ́ni tó ń wo irú wọn. Nínú ìkeje, bàbá ń bọ̀ láti ẹ̀yìn oko, kí wọ́n tó fún wọn ní fìlà. Nǹkan kan wà lọ́wọ́ òsì wọn. Nínú ìkẹjọ, apá ọ̀gá wọ inú àwòrán láti ẹ̀gbẹ́, ó ń nàka sí ọ̀nà ibi tí omi wà. Nínú ìkẹsàn-án, nǹkan náà ti wà nílẹ̀, bàbá ti yíjú padà.

Mo fa ìkeje tóbi. Àgbàdo tí wọ́n hú ni, pòròpórò rẹ̀ ò ju igi tẹ́ẹ́rẹ́ lọ, ewé rẹ̀ ti pọ́n, erùpẹ̀ ṣì wà lára gbòǹgbò rẹ̀, gbòǹgbò náà ti dúdú. Kì í ṣe láti inú ìlà mẹ́fà tó wà létí títì. Bàbá ń gbé e bọ̀ wá fi hàn wá, wọ́n sì nà án síwájú díẹ̀, bí ènìyàn ṣe ń na ohun tó fẹ́ béèrè nípa rẹ̀. Mo wà níbẹ̀, kámẹ́rà wà lójú mi, ìmọ́lẹ̀ ni mò ń wọ̀n.

Mo ti tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó ṣókùnkùn díẹ̀, ojú bàbá ò hàn, ọwọ́ wọn hàn. Mo gbé e kọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin alágbàdo, ìwọ̀n kan náà, férémù kan náà. Lábẹ́ ti ọkùnrin alágbàdo mo kọ pé ẹ̀rọ AI ló ṣe é, mo kọ gbólóhùn mẹ́ta tí mo tẹ̀ fún un. Lábẹ́ ti bàbá mo kọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn: àgbàdo kan, gbòǹgbò rẹ̀ ti rà, láti ìlà ẹ̀yìn.